Eré apanilẹ́rìn-ín nípa páàkì tó ń kú lọ àti bàbá òun ọmọ tó ń yan odì: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ òṣèré wa ní Abẹ́òkúta níbí ní kí n kọ eré apanilẹ́rìn-ín tí a máa gbé sórí ìtàgé nígbà Kérésìmesì. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ ọ́ jìnnà.

Bàbá kan kọ́ páàkì ìgbafẹ́ fáwọn ọmọdé sí ọ̀nà Ọbáńtokò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dẹ̀. Ẹṣin onírin tó ń yí po wà níbẹ̀, jangilófà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń yí igi máńgòrò ká, ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí táwọn ọmọ ń fò nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà kú, bàbá lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mósàn, ló fi ṣe onídùúró. Bàbá ò rí owó san, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù ọmọ. Látìgbà náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni ọmọ ń wá jókòó sí páàkì, torí ó ní owó òun ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rán síra wọn.

Ohun tó ń dààmú mi ni pé mi ò fẹ́ káwọn èèyàn fi òṣì bàbá yẹn rẹ́rìn-ín. Mo sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é? Ṣé kí páàkì yè lópin ni, àbí kó kú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa irú ẹ̀rọ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń bà jẹ́ lára wọn?

Ìyá Ìbejì Aṣèrò

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa òbí ò lọ síbẹ̀ àfi Iléyá, Kérésìmesì, Ọdún tuntun, àti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún tó jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ sí. Tó bá di Túsìdeè lóṣù kẹfà, òjò ń rọ̀, ìwé ń lọ, owó ilé ìwé ti gbé gbogbo nǹkan lọ, ta ló fẹ́ gbé ọmọ lọ gun ẹṣin onírin? Tí bàbá yẹn bá fi owó Iléyá ka ti gbogbo ọdún, ibẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Níbo ni ìyá wà? Bàbá ò bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ ò sì fi ìyá sílé yẹn?

Bàbá Ìjẹmọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti kà á, ṣùgbọ́n ibì kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ kì í yan odì sí bàbá tó bí i. Owó oṣù tí wọ́n ń yọ, ta ló rán an lọ sí ilé ìwé tó fi dé Òkè-Mósàn? Tí ẹ bá gbé irú nǹkan báyìí sórí ìtàgé, táwọn ọmọ wa jókòó tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kí lẹ fi ń kọ́ wọn? Ọmọ ni kó jẹ̀bi nínú eré yẹn, kó dọ̀bálẹ̀ lópin, kí bàbá dárí jì í. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọmọ Adátán

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn àgbà náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bàbá yẹn ló mú ìwé wá fún ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó ní "buwọ́ lù ú níbí, ó ń pẹ́ mi." Ọmọ tó bá ní kí òun kọ́kọ́ kà á, wọ́n á ní kò fọkàn tán bàbá rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa. Mo máa padà wá sọ ọ́ bí mo bá ráyè.

Olùkọ́ Kútọ̀

Ọmọ Ìtòkò, ìbéèrè rẹ dára. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ṣe eré ṣáájú wa ti dáhùn rẹ̀. Àwọn alárìnjó, òṣèré tó ń ti ìlú dé ìlú, tó jáde láti inú eégún aláré ní Ọ̀yọ́, máa ń gbé ìwà èèyàn wọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé agọ̀ wọ̀: ọ̀mùtí, Tápà, òyìnbó tó ń rìn gánnagànna. Olówó àti tálákà jọ ń wo ìran, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, torí ìwà ni wọ́n mú, wọn ò mú àìní. Ẹ wo Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, tó ṣaláìsí ní 2018. Aago tábìlì ńlá ló gbé kọ́ra, ojú rẹ̀ wà nínú férémù gíláàsì rabata. Ọkùnrin tí kò lówó lọ́wọ́ ni ó máa ń ṣe, ṣùgbọ́n a ò rẹ́rìn-ín nítorí pé kò lówó. Bó ṣe ń ṣe bí ọlọ́rọ̀, tó ń fi aago yẹn han aráyé, ìyẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Tí aago náà bá dún lójijì, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ta gìrì.

Nítorí náà, ohun tí à á fi rẹ́rìn-ín nínú eré rẹ ni agídí àwọn méjèèjì. Bàbá ò gbà pé páàkì ti ń kú: ó ṣì ń wọ fìlà abetí-ajá lọ já ìbòjú kúrò lára ẹṣin láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kan ò sí. Ọmọ ò gbà pé òun fẹ́ràn ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sátidé kan ò lọ kó má wá.

Ìtàn iṣẹ́ páàkì fúnra rẹ̀ kún fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ní Coney Island, New York, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní George Tilyou dá páàkì Steeplechase sílẹ̀ ní 1897. Ní 1907, iná jó o. Ọjọ́ kejì, èéfín ṣì ń rú, Tilyou ti gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó bá fẹ́ wo àwókù tó ń jóná kó san sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ó tún un kọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1914, ìdílé rẹ̀ ń bá a lọ títí di 1964 kí wọ́n tó tì í pa. Bàbá tó gba owó ìwọlé lórí iná tó jó ilé rẹ̀, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí bàbá inú eré rẹ jẹ́. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀.

Wo èkejì. Ọ̀gbẹ́ni Ferris ló ṣe àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí po sókè fún ìpàtẹ Chicago ní 1893. Nǹkan bíi mítà 80 ni gíga rẹ̀, yàrá 36 ló rọ̀ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin yẹn kú ní ẹni ọdún 37. Ìyàwó ti fi í sílẹ̀, gbèsè àti ẹjọ́ ti yí i ká. Ní 1906 wọ́n fi dáínámáìtì wó àgbá náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ eré nípa páàkì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀fìn yẹn wà nítòsí bàbá yẹn.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ bọ́ sí yìí. Mo ti jó irin ẹsẹ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, mo ti pààrọ̀ bíárìn ìdí rẹ̀, ìyẹn òrùka irin tí ọta wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kó máa yí.

Òpó kan ló wà láàrin, bíárìn ńlá kan ló gbé gbogbo ẹrù. Mọ́tò kékeré ló ń fi bẹ́líìtì yí i. Tí wọn ò bá fi gírísì sí i, ó máa kọ́kọ́ máa han, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti títì. Tí omi òjò àti eruku bá wọlé sí i, àwọn ọta inú rẹ̀ á jẹ, ẹṣin á wá máa ta gìrì bó bá ti dé ojú kan náà. Bẹ́líìtì tó ti gbó ń yọ̀: mọ́tò ń yí, ẹṣin dúró gbagidi. Ìyẹn máa dára lórí ìtàgé. Ariwo ńlá, kò sí ìrìn.

Ilé rọ́bà wá yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ń fẹ́ ẹ kún, wọ́n á dí i, ó parí. Rárá. Ojú rírán rẹ̀ ń jò láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, kó má baà bẹ́. Fáànù tó ń fẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, òkè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ògiri á wó sínú. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kó gbogbo ọmọ jáde kíá, kó kà wọ́n. Èèkàn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa, torí ìjì tó ń ṣáájú òjò lè gbé e. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Epo ló sì pa wọ́n. Ṣáájú oṣù karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróò kan ò tó ₦200 ní ilé epo NNPC. Bí ìjọba ṣe yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Onípáàkì tí kò rí iná ìjọba lò ń fi epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ọmọ mẹ́rin lè fò. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Aláṣọ Ìtòkú

Ìyá Ìbejì ti bi ìbéèrè tó wà lẹ́nu mi. Ẹ fi ìyá sí i, kó jẹ́ aláṣọ ní Ìtòkú. Ohun tó máa ṣe rèé: ilé rọ́bà ti ya, bàbá ò lówó àtiṣe é, ọmọ ní kò kan òun. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn. Ó mú àjákù àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó fi lẹ ojú ibi tó ya. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ò tíì fọ̀ tó, aró ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ọmọ fò, wọ́n làágùn, gbogbo wọn délé pẹ̀lú orúnkún aláwọ̀ aró. Lọ́jọ́ kejì àwọn ìyá wọn dé páàkì, ojú wọn le. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ míì tó rí orúnkún wọn ní ilé ìwé sọ pé àwọn náà fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kun orúnkún. Páàkì kún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ torí pé obìnrin ló máa ń lẹ ohun tó ya nílé, láìsọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó ti lọ sí páàkì yẹn nínú owó àjọ rẹ̀, ẹnu wọn á dí.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Ìyá, àdìrẹ nìkan ò ní mú atẹ́gùn dúró o. Rọ́bà tó jọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n tí ìyá bá lẹ àdìrẹ lé rọ́bà lórí kó lè bo ojú àpá, ìyẹn ṣeé ṣe. Aró á sì jáde dáadáa, torí òógùn pọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ ṣé gan-an. Orúnkún aláwọ̀ aró ti wọlé, kò ní jáde mọ́. Ẹ wo ìran tí mo kọ lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Wẹ́dà.

*(Bàbá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Ọmọ wà lábẹ́ máńgòrò lọ́wọ́ òsì. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ọmọ onítíkẹ́ẹ̀tì dúró láàrin.)*

BÀBÁ: Sọ fún ẹni tó jókòó sídìí máńgòrò pé epo ti fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀.

ỌMỌ ONÍTÍKẸ́Ẹ̀TÌ: Bùrọ̀dá, epo ti fẹ́ tán.

ỌMỌ: Sọ fún onípáàkì pé owó epo wà nínú owó oṣù mi tí wọ́n yọ ní oṣù tó kọjá, èyí tí wọ́n yọ ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, àti èyí tí wọ́n máa yọ ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí.

ỌMỌ ONÍTÍKẸ́Ẹ̀TÌ: Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ rà á.

BÀBÁ: Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?

ỌMỌ ONÍTÍKẸ́Ẹ̀TÌ: Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà. Mo gé e kúrú ni.

BÀBÁ: Sọ fún un pé mi ò bí i kó máa ka oṣù fún mi.

ỌMỌ ONÍTÍKẸ́Ẹ̀TÌ: Bùrọ̀dá, wọ́n kí yín.

*(Ẹ̀gbọ́n Bàbá wọlé nínú agbádá. Ó ti rin ìrìn-àjò wá láti parí ìjà.)*

Ẹ̀GBỌ́N BÀBÁ: Mo ti parí ìjà yín lẹ́ẹ̀mejì ní pálọ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ dìde, ẹ bínú jáde. Lónìí, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè dìde bínú jáde ni a ó ti sọ ọ́. *(Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú ilé rọ́bà, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó wá jókòó.)* Ó yá, ẹ wọlé.

*(Bàbá àti Ọmọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Jẹnẹrétọ̀ wú ikọ́, ó dákẹ́. Òrùlé ilé rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.)*

BÀBÁ: Gbé e!

ỌMỌ: Mo ti gbé e! Ẹ̀yin lẹ ò gbé tiyín!

BÀBÁ: Sókè díẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn rẹ!

ỌMỌ: Ẹ má fi ìka yín síbẹ̀, Bàbá, ibẹ̀ ló ya!

*(Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ti sọ̀rọ̀.)*

Ìyá Ìbejì Aṣèrò

"Bùrọ̀dá, wọ́n kí yín." Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ìbejì fi wá bi mí kí ló dé. Ọmọ yẹn ló ń tọ́jú ilé wọn.

Bàbá Ìjẹmọ̀

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ àgbà tó wá parí ìjà di ẹni ẹ̀tẹ́. Àgbà tó rin ìrìn-àjò nítorí ẹbí, ẹni ọ̀wọ̀ ni. Tí rọ́bà bá bò ó, kó má pariwo, kó má bẹ̀rù. Kó máa bá ẹjọ́ lọ lábẹ́ rọ́bà náà. Kí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kókó kejì ni pé..." Àgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìlàjà kì í dákẹ́ nítorí pé iná lọ. Ìyẹn á jẹ́ kó níyì, ẹ̀rín á sì pọ̀ sí i.

Ti ọmọ tó yan odì, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ. Ó kéré tán, kí ọmọ pè é ní "Bàbá" nígbà àkọ́kọ́ tó bá la ẹnu. Mo rí i pé o ti fi síbẹ̀. Ó dára.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ẹ jẹ́ ká rí i kedere pé ọmọ kankan ò sí nínú rẹ̀. Kí ọmọ onítíkẹ́ẹ̀tì kà wọ́n jáde sókè kí Ẹ̀gbọ́n Bàbá tó wọlé: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti tán." Àwọn òbí tó ń wo eré ò ní lè rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń ro ọmọ tó wà lábẹ́. Ojú ọ̀nà náà ò gbọ́dọ̀ dí, kí bàbá àgbà máa rí ìta.

Ọmọ Adátán

Mo padà dé.

Bàbá mi ní irú ibi báyìí, kékeré ni, kò tó ti inú eré yìí. Ẹṣin mẹ́fà. Gbogbo alẹ́ Fúráìdé ló máa ń fi kànìnkànìn àti omi ọṣẹ nu wọ́n, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ẹṣin kan wà tí etí rẹ̀ ti kán, òun ló máa ń nù kẹ́yìn, òun ló sì máa ń pẹ́ lórí jù. Èmi àti àbúrò mi máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo jowú àwọn ẹṣin yẹn. Kò fìgbà kan jókòó tì wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló lò, wọ́n yọ owó náà títí ẹ̀gbọ́n mi ò fi lè san owó ilé. Odindi ọdún ni wọn ò fi sọ̀rọ̀. Wọn kì í jà. Tí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á ní òun ń lọ wo iná ní ìta.

Nígbà tí ibẹ̀ kú tán, àwọn tó ń ra irin àlòkù dé. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń rà á. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n lódìkejì, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ní òun kórìíra ibẹ̀, ló sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ èyí tí etí rẹ̀ kán kalẹ̀, kì í ṣe títà. Bàbá mi gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jọ jẹun.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìparí tí ẹ bi wá: ẹ má jẹ́ kí olówó kan fò wọlé láti Èkó wá ra gbèsè. Ẹ má jẹ́ kí ìjọba gbé sọ̀wédowó wá. Inú á bí èmi tí mo bá rí i. Ìjà wọn ò dá lórí pé páàkì ò lówó. Ó dá lórí pé bàbá ò bi ọmọ léèrè kó tó lo orúkọ rẹ̀, ọmọ ò sì sọ fún bàbá pé ó dun òun. Tí páàkì bá là lójijì, tí gbogbo wọn ń jó, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Aláṣọ Ìtòkú

Ọmọ Adátán, ẹ kú ìrójú. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wa.

Olùkọ́ Kútọ̀

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Àwọn kan lè ní eré apanilẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ parí síbi ayẹyẹ. Ayẹyẹ lè wà, ṣùgbọ́n kí ó wà láàárín bàbá àti ọmọ, kí gbèsè ṣì wà nínú ìwé. Mo tún fẹ́ sọ pé kẹ́ ẹ má gbàgbé ìlú tẹ́ ẹ wà. Láti páàkì yẹn, tí ọmọ bá gun orí jangilófà sókè, ó yẹ kó máa wo ọ̀kánkán Òkúta Olúmọ. Téńté òkúta náà fi nǹkan bíi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, kò lo epo, àwọn àjèjì sì ń sanwó láti gùn ún. Bàbá lè máa bínú sí òkúta náà. Ó lè máa ní, "Kò ní bíárìn, kò ní bẹ́líìtì, ẹ wo bí ọjà rẹ̀ ṣe ń tà!" Ẹni tó ń bá òkúta figagbága, agídí rẹ̀ ti pé.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Nípa ìparí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí. Àwọn tó ṣì ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí ti kúrò lójú kan. Wọ́n ń gbé ilé rọ́bà sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ síbi ọjọ́ ìbí, ìkómọjáde, àsè òpin ọdún ní ilé ìwé. Ẹni tó pè wọ́n ló ń sanwó ṣáájú, òun ló sì ń pèsè iná. Kò sí pé wọ́n jókòó ti jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀. Ó lè má sọ wọ́n dọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè á máa dín. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn mọ ìwé kọ, òun ló yẹ kó máa gba ìpè, kó máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bàbá mọ ẹ̀rọ. Wọ́n nílò ara wọn.

Bàbá Ìjẹmọ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi láti Adátán ti wọ̀ mí lára. Mo ti rò ó. Ó dára, kí bàbá náà sọ̀rọ̀. Mi ò ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ìyẹn ò ní wáyé. Ṣùgbọ́n ó lè mú ìwé gbèsè yẹn jáde lápò, kó fi lé ọmọ lọ́wọ́, kó ní "Kà á báyìí. Kà á sókè. Mo ń gbọ́." Kó dúró títí ọmọ á fi kà á tán. Àgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun tó yẹ kó sọ.

Ọmọ Ìtòkò

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀nà tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Mo ti kọ ọ́. Ọmọ ń ka ìwé náà sókè, orí èlé, orí ọjọ́ ìsanwó, Ẹ̀gbọ́n Bàbá ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n" sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rọ́bà tí wọ́n ti gbàgbé láti gbé kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ onídùúró, kò lè kà á. Bàbá ló kà á. Ó ka orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú oríkì tí wọ́n ń kì í nígbà tó wà lọ́mọdé, oríkì tí kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìyá wọlé, ó bi wọ́n pé ta ló wà lábẹ́ ilé rọ́bà.

Páàkì máa kú. Wọ́n máa ta ọkọ̀ ojú irin, wọ́n máa gbé ilé rọ́bà sórí ọkọ̀ bí Wẹ́dà ṣe wí. Ìyá ló máa di àpótí owó mú. Bàbá àti ọmọ gbà pé òun nìkan làwọn méjèèjì fọkàn tán.

Ohun tó kù mí kù: báwo la ṣe máa mú ilé rọ́bà wó lórí ìtàgé? A ò lówó èyí tó jẹ́ gidi.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá

Ẹ má lo gidi nínú gbọ̀ngàn, ariwo fáànù rẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yín. Ẹ lọ ra ọ̀rá táwọn oníṣòwò fi ń bo ọjà nígbà òjò, èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ rán an bí àpò tí ìdí rẹ̀ ṣí, ẹ fi ọparun mẹ́rin gbé e dúró ní igun, kí èèyàn mẹ́rin di ọparun mú lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Ẹ gbé fáànù onídùúró méjì sídìí rẹ̀ kó máa wú. Tí jẹnẹrétọ̀ bá "kú", ẹ pa fáànù, kí àwọn tó di ọparun mú máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú ni kó kẹ́yìn. Ẹ gé ojú ihò sí ibi tí orí Ẹ̀gbọ́n Bàbá máa wà, kó rí èémí mí, kó sì lè máa bá ẹjọ́ lọ.

Ti ẹṣin, mo ní àjákù irin nílé. Tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n ìtàgé ránṣẹ́, mo máa jó ẹyọ kan fún yín. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n kán etí rẹ̀.

Ọmọ Adátán

Ẹ kán an. Etí òsì ni.